Ìgbín Tó Ń Kanlẹ̀kùn Nínú Igbó Adáhùn

Rààfíù, fi sípánà yẹn sílẹ̀! Jáde lábẹ́ ọkọ̀ yẹn kó tó di ìjà láàrin wa. Mo mọ̀ pé rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn adìyẹ àdúgbò yìí pàápàá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ní kó o pààrọ̀ ọ́ìlì ni, kò ní kó o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀. O fẹ́ ṣe é lóore? Oore tó o fẹ́ ṣe yẹn, jókòó kí n sọ ohun tó máa bà jẹ́ fún ẹ.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ jókòó sórí táyà, tẹ́ ẹ̀ ń dúró de mọ́tò yín, ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lápò kó pín in. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ò ní rọ́bà. Bó bá gbá yín láyà, ẹ fara dà á. Bí mo bá ti ní "Kò-kò-kò", kẹ́ ẹ ní "Ta nìyẹn?"

Kò-kò-kò!

Ẹ ṣeun. Ohùn yín ò le, ṣùgbọ́n ebi ló fà á.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọdẹ ni mí kí wọ́n tó bí èyí tó dàgbà jù nínú yín. Mo ti fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n nígbà tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ̀bà, ẹ̀bà yẹn ò sì tutù. Ẹkùn tó bá pàdé mi lọ́nà á kọ́kọ́ kí mi kó tó rántí pé ẹkùn lòun. Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Máa rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín ọ̀hún máa tó tán. Torí ìtàn yìí kì í ṣe tèmi, ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀rẹ́ mi, tó fi díẹ̀ láyà jù mí lọ. Díẹ̀ náà ò ju èékánná lọ.

Ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò lábẹ́ máńgòrò yẹn, Ìgbín lorúkọ ẹ̀. Òyìnbó kan tó wá ń ka àdán nínú igbó ló gbé e wá. Inú ẹ̀ ni òyìnbó yẹn ń sùn, inú ẹ̀ ló ti ń se ọbẹ̀, inú ẹ̀ ló ti ń wẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹ̀rọ omi, ó ní kọ́tìnnì olódòdó. Ọdẹ́jìnmí ló ń mú un rìn nínú igbó. Lọ́jọ́ tí òyìnbó fẹ́ padà sílé, ó wo ọkọ̀, ó wo Ọdẹ́jìnmí, ó ní ọkọ̀ yìí ti darúgbó ju ohun tó lè wọkọ̀ ojú omi lọ, kó máa jẹ́ tiẹ̀. Bí ọdẹ tó ní ilé amọ̀ kan ṣoṣo ṣe di onílé méjì nìyẹn, tí ọ̀kan ń rìn. Torí pé ó gbé ilé sẹ́yìn, tí kò sì mọ eré í sá, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìgbín.

Àwẹ̀ró nìyàwó Ọdẹ́jìnmí. Obìnrin tíńrín, ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ. Àìsàn kan wá wọ egungun ìbàdí ẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, tó jẹ́ pé lóde, o ò ní mọ̀. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà wò ó, ó bojú wolẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

"Olówó orí mi," Àwẹ̀ró wí, "ilé wo ló ní kẹ́ ẹ gbé mi lọ? Torí èmi mọ èyí tí mo fẹ́. Ẹ gbé mi lọ bá ìyá mi ní Ìdó-Ọsàn. Itan ìyá mi ni mo fẹ́ gbórí lé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀."

"Kò ní ṣẹlẹ̀," Ọdẹ́jìnmí dáhùn.

"Ọdẹ ni yín. Ẹ mọ ojú ẹran tó ń kú. Ẹ má parọ́ fún mi, kò yẹ yín." Ó mí díẹ̀. "Tó bá wá bá mi lọ́nà, ẹ mọ àṣà ìlú wa. Gbogbo odò tẹ́ ẹ bá dé, ẹ pè mí, ẹ ní, 'Àwẹ̀ró, odò rèé o, à ń kọjá.' Òkú tí wọn ò bá pè, etí odò ló ń dúró sí. Ara nìkan ni wọ́n máa gbé délé."

"Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀!"

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà máa pè mí."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, afárá ojú títì tó lọ sí Ìdó-Ọsàn ti wó sínú odò, àwọn tó yẹ kó tún un ṣe ṣì ń fi ẹnu kọ́ ọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni èyí tó gba inú Igbó Adáhùn kọjá. Ẹ má bi mí léèrè ibi tó wà. Ẹni tó bá mọ̀ kì í fọwọ́ júwe ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ jẹ́ n là yín lóye. Bọ́ṣì ni rọ́bà tí wọ́n ń kì sáàrin irin àti irin lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí irin má bàa forí gbá irin. Ó dà bí àgbàlagbà tó jókòó sáàrin orogún méjì. Lọ́jọ́ tí àgbàlagbà yẹn bá kú, àdúgbò á gbọ́. Rọ́bà ẹsẹ̀ Ìgbín ti kú tipẹ́. Kò sí kòtò tó máa wọ̀ tí kò ní ní: kò-kò-kò!

Ta nìyẹn? Ẹ ti ń gbàgbé.

Mẹ́káníìkì ìlú wọn ti wọ abẹ́ ẹ̀ rí, ó jáde, ó mi orí. "Bàbá ọdẹ, àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí gan-an ti gbàgbé pé àwọn bí i. N ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí bọ́ṣì ẹ̀ láyé yìí."

Láyé yìí. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdẹ́jìnmí tẹ́ Àwẹ̀ró sórí bẹ́ẹ̀dì òyìnbó, ó kó ẹran gbígbẹ, ó gbé ìbọn, ó kọjú Ìgbín sọ́nà. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kàn, á gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn: hùn-ùn. Kò-kò-kò, hùn-ùn. Kò-kò-kò, hùn-ùn. Egungun ọkọ̀ ń gbá ara wọn, egungun Àwẹ̀ró ń gbà á. Ohùn yẹn ń gún ọdẹ lọ́kàn bí ọfà, bẹ́ẹ̀ ohùn yẹn náà ló fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Kì í bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá Ọdẹ," Àwẹ̀ró pè é, "ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni, àbí iyán lẹ̀ ń gún?"

"Iyán ni."

"Ẹ fi omi sí i, ó ti ń ní kókó."

Wọ́n wọ Igbó Adáhùn.

Igbó yẹn, wọn kì í fi oògùn wọ̀ ọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òfin ẹ̀ kò ju kan lọ: ohun tó bá kàn, wọ́n máa ṣí fún un. Bí Ìgbín ṣe fi ẹsẹ̀ wọ kòtò àkọ́kọ́, kò-kò-kò, àràbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bí ẹni ṣí àpótí. Ẹ̀dá kan yọrí síta. Etí ẹ̀ fẹ̀ bí atẹ. Kò ní imú. Etí kan ló fi ń mí, ìkejì ló fi ń gbọ́ràn.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn mi?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ló dún."

"Ẹsẹ̀ lo fi kanlẹ̀kùn àgbàlagbà? O ò lọ́wọ́ ni?"

"Rọ́bà ẹ̀ ló jẹ, irin wá ń..."

"N ò bi ọ́ ní ìtàn ìdílé ẹ! Àlejò kì í wá lọ́wọ́ òfo. Kí lo mú wá?"

Ọdẹ́jìnmí fún un ní ẹsẹ̀ ìgalà gbígbẹ. Olétí Atẹ ki ẹran náà bọ etí tó fi ń mí, ó jẹ ẹ́, ó tutọ́. "Kò dùn. Ó ń dùn lẹ́nu ìwọ, àbí? Fún mi ní adùn yẹn." Kí ọdẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó nu ahọ́n ẹ̀ bí ọmọ ṣe ń nu epo ìdí àwo. Títí dòní, ẹ fún Ọdẹ́jìnmí lóyin, ẹ fún un léérú, ìkan náà ni.

Ó padà sídìí ọkọ̀, ó ń fi ahọ́n lu òkè ẹnu bí ẹni tó jẹ iyẹ̀pẹ̀. Ó ròyìn fún ìyàwó ẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Àwẹ̀ró wí. "Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa sè fúnra yín lẹ́yìn mi, ẹ ò kúkú ní mọ̀ pé kò dùn."

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n lọ títí, wọ́n dé ibi àpáta kan. Òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, Ìgbín kan ìkàn bí alágbẹ̀dẹ ọjọ́ ọdún. Àpáta là. Ìlú ló wà nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn tú jáde pẹ̀lú ijó, ojú wọn wà ní ìpàkọ́, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń fi rìn bọ̀. "Ọkọ ìyàwó dé o! Ọkọ ìyàwó dé!"

Ìlú Àna nìyẹn. Níbẹ̀, ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, ìyàwó ló wá tọrọ. Kò sí àlàyé.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ráhùn pé àna yín le, ẹ fetí sílẹ̀. Wọ́n ní kí Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ fún àga àwọn àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìgbálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ewúrẹ́ kan tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni, ewúrẹ́ náà sì ní àwọn ò tíì gbà. Wọ́n wá mú ìyàwó jáde. Òkìtì ọ̀gán ni, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ikán ń gba etí ẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ẹnu ẹ̀ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo níyàwó," Ọdẹ́jìnmí wí.

"Níbo?" Olórí ẹbí béèrè.

"Nínú ọkọ̀."

Wọ́n gbé kọ́tìnnì olódòdó sókè, wọ́n yọjú. "Èyí tó ń lọ yìí? Ìyẹn ò kún nǹkan kan. Mú tiwa. Ikán ti jẹ gbogbo inú ẹ̀ tán, kò sóhun tí àìsàn fẹ́ rí jẹ mọ́."

Àwẹ̀ró dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn ẹ̀ ò ga: "Ẹ bi ìyàwó tuntun bó bá mọ ọbẹ̀ sè. Bí ò bá mọ̀ ọ́n sè náà, ó tún dáa, ọkọ mi ò mọ adùn mọ́."

Inú bí olórí ẹbí. Ó ní ẹni tó bá kọ ìyàwó àwọn, ìgbéyàwó ló fi ń san ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí ó gbé Àwẹ̀ró níyàwó, ọjọ́ yẹn gan-an, kó mú un wá. Ó ti rẹ Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀rù ń bà á kí ìyàwó ẹ̀ má kú sílẹ̀kùn àwọn oníranù yìí. Ó ní, "Ẹ máa mú un." Ìyá arúgbó kan bá fa ọjọ́ yẹn jáde létí ẹ̀ bí ẹni ń fa òwú lára kẹ̀kẹ́, ó ká a mọ́wọ́, ó kì í sẹ́nu òkìtì ọ̀gán. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: òkìtì ọ̀gán rẹ́rìn-ín, ohùn Àwẹ̀ró nígbà tó wà lọ́mọge ló sì fi rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́jìnmí sá wọnú ọkọ̀. Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó di ìyàwó òun, kò rí i. Ibẹ̀ ti di ibi tí eyín ti yọ, tí ahọ́n ń lọ síbẹ̀ ṣáá.

"Ẹ má sunkún," Àwẹ̀ró wí. "Èmi ṣì rántí ẹ̀. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, màá sọ ọ́ fún yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màá tiẹ̀ bù mọ́ ọn."

"Sọ ọ́ báyìí."

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ò jẹ́ kí n rí èémí tí màá fi sọ̀rọ̀ gígùn."

Ọdẹ́jìnmí wá búra pé òun máa rí rọ́bà yẹn, ì báà jẹ́ nínú ọ̀nà ọ̀fun ikú. Ẹ má búra bẹ́ẹ̀ rí. Igbó máa ń gbọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé oko rọ́bà kan. Wọ́n ti kọ gbogbo igi ibẹ̀ lábẹ, ẹ̀jẹ̀ funfun ń kán lára wọn. Ìgbín kàn, kò-kò-kò, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta nìyẹn. Ìlú Adákẹ́ nìyẹn. Rọ́bà nilé wọn, rọ́bà ni ewúrẹ́ wọn. Àkùkọ wọn na ọrùn, ó la ẹnu, ó gbọn ìyẹ́, kò sóhun tó jáde. Obìnrin arúgbó kan rìn wá bá wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dún, aṣọ ẹ̀ ò dún. Ìyá Adákẹ́ ni. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì ju èémí lọ.

"Ìwọ lò ń yọ igbó lẹ́nu."

"Ẹ dákun, Ìyá. Rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń wá. Ìyàwó mi ò lè fara da ìkàn yìí mọ́."

"Mo ní rọ́bà. Kí lo ò fẹ́ gbọ́ mọ́?"

"Ìkàn yìí."

"Ìkàn nìkan ni, àbí àtohun tó ń tẹ̀lé e?"

Àwọn ilẹ̀kùn ni Ọdẹ́jìnmí rò. Olétí Atẹ ló rò, àwọn àna ló rò. Ó ké, "Gbogbo ẹ̀! Gbogbo ẹ̀ pátá kó dákẹ́!"

Ìyá Adákẹ́ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ń tọrọ ọ̀bẹ. "O ti sọ ọ́." Ó fún un ní rọ́bà tuntun tó tó Ìgbín lẹ́ẹ̀mejì. "Ìlọ́po kan ti tó ọkọ̀ ẹ. Ìkejì, torí pé mo mọ ọdẹ ni. Má dì í kó tó rẹrù o. Mo ti wí."

Ọdẹ́jìnmí ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Inú ẹ̀ ti dùn jù. Ó fi jáàkì gbé Ìgbín sókè, ó yọ táyà, ó tú bóòtù tó de irin mọ́ irin. Rọ́bà àtijọ́ ti la bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kò jù ú nù, ó kó o sínú àpò ọdẹ, torí ọdẹ kì í ju nǹkan ẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó fi ọṣẹ pa rọ́bà tuntun, ó fi òòlù gbá a wọlé. Ibi tó ti ṣìṣe rèé, àṣìṣe ọdẹ sì ni. Ẹ ṣá mọ̀ pé ọdẹ kì í di ẹran nílẹ̀. Orí igi la ń so ó kọ́, lókè níbẹ̀ la ti ń fún okùn, torí ìdì ilẹ̀, èèrà ló máa jẹ ẹ́. Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe ṣe fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ṣì rọ̀ sílẹ̀ lófuurufú, ó ti fi gbogbo agbára fún bóòtù pa. Ó wá sọ Ìgbín kalẹ̀. Ilé jókòó lé ẹsẹ̀ lórí, rọ́bà tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ bá lọ́ bí ọrùn adìyẹ.

Rààfíù ń mi orí. Ó mọ̀. Ọ̀gá ẹ̀ gbá a létí nítorí ẹ̀ rí.

Wọn ò tíì jìnnà tí rọ́bà fi ya. Fàà! Ìkàn padà wá, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: kò! Kò! Kò! Àwẹ̀ró ò ní hùn-ùn mọ́, igbe ló ké.

Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan. Kò sí ògiri, kò sí ilé. Ó ṣí. Ọkùnrin kan jáde. Kò ní ìwo, ojú ẹ̀ ò pé mẹ́wàá. Ó dà bí aládùúgbò yín tó máa ń wá yá àdá. Kò bi wọ́n ní ta nìyẹn. Kò béèrè ẹ̀bùn. Ó rọra rìn yí Ìgbín ká, ó gbé kọ́tìnnì olódòdó sókè, ó wo Àwẹ̀ró, ó tẹrí ba fún un bí ojúlùmọ̀. Ó padà wọlé. Kò ti ilẹ̀kùn.

Ọdẹ́jìnmí sáré lọ kó ti ilẹ̀kùn yẹn. Kò ní ibi ìdìmú lóde.

"Bàbá Ọdẹ," Àwẹ̀ró pè é, "ta nìyẹn?"

"Kò sẹ́nìkankan."

"Hẹn. Kò-sẹ́nìkankan náà kí mi."

Ìgbà yẹn ni ọdẹ tó rántí ọ̀rọ̀ Ìyá Adákẹ́. Ó yọ rọ́bà tó ya, ó ki èyí tó kù wọlé, ó rọra de bóòtù ní dídè díẹ̀, ó dá táyà padà, ó sọ Ìgbín kalẹ̀ kó gbé gbogbo ẹrù ẹ̀. Ó fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀, ó fàyà fà wọbẹ̀, ó yíjú sókè.

"Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ ni?" Àwẹ̀ró béèrè látòkè.

"Rárá o. Ìwọ gan-an lẹrù."

"Ẹ ṣé o. Gbogbo ọdún tí mo fi gúnyán fún yín, ẹrù ni mo jálẹ̀ sí."

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀, iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sí i lẹ́nu, kò sì mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ ni. Páánù ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló wà láàrin àyà ẹ̀ àti ẹ̀yìn ìyàwó ẹ̀. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń fi èékánná ha páánù yẹn, kíríkírí, bí ẹni ń yún ẹlòmíì lẹ́yìn. Ó fún bóòtù títí kò fi lọ mọ́.

"Ó ti dì?"

"Ó ti dì."

"Ẹ rọra máa wà á. Mo fẹ́ sùn díẹ̀."

Áà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo bí Ìgbín ṣe ń lọ! Ó wọ kòtò, kò dún. Ó gun òkúta, kò dún. Ó kọjá láàrin àwọn igi tó ń mí, kò sí èyí tó lajú. Ọdẹ́jìnmí ń fi ìka lu ìdarí ọkọ̀, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n dé odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyẹ̀rẹ̀, omi ẹ̀ ò jìn, òkúta ló kún ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìgbín là á kọjá bí epo tó ń ṣàn lórí epo. Kò gbọ́ hùn-ùn. Ó ní lọ́kàn ẹ̀, "Ẹ jẹ́ kó sùn. Ó ti pẹ́ tó ti sùn dáadáa." Kò bojú wẹ̀yìn.

Oòrùn ń ràn dáadáa nígbà tí wọ́n wọ Ìdó-Ọsàn. Ìyá Àwẹ̀ró ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta. Kò gbọ́ ọkọ̀ títí Ìgbín fi dúró lẹ́yìn ẹ̀.

"Ìyá, mo ti gbé ọmọ yín dé!" Inú Ọdẹ́jìnmí dùn. "Ó ń sùn ni."

Ìyá arúgbó wọnú ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Níbo ló kú sí?"

Ọdẹ́jìnmí sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Mo ní níbo ló kú sí, Ọdẹ́jìnmí? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti tutù pátápátá."

"N ò mọ̀, Ìyá. Ọkọ̀ náà dákẹ́ jù."

"Ẹ ti kọjá odò. Ṣé o pè é?"

"N ò mọ̀ pé... N ò pè é."

Ìyá jókòó sílẹ̀ láàrin ẹ̀gẹ́. Kò sunkún. "Igbá lo gbé wá fún mi. Omi ti dà sójú ọ̀nà. Ìlú yìí kì í sin ẹni tí kò tíì délé. Lọ mú ọmọ mi wá."

Ṣé ẹ rántí ẹ̀rín yín ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn? Níbo ló wà?

Wọ́n gbé Àwẹ̀ró sórí ẹní ìyá ẹ̀. Ọdẹ́jìnmí wọ abẹ́ Ìgbín. Rọ́bà tó dára, tó dì dáadáa, tó dákẹ́, ó tú u dànù. Ó mú rọ́bà tó ti kú jáde nínú àpò ọdẹ, ó kì í padà. Nítorí ẹni tó bá ń wá èèyàn, á kanlẹ̀kùn. Ó dé ojú ọ̀nà, kò-kò-kò, ó wọ igbó padà lójú ọ̀nà tó gbà bọ̀, ó ń wá ìyàwó ẹ̀ nílé onílé.

Ilẹ̀kùn tí kò ní ilé ṣì ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ìlú Adákẹ́ ò dá a lóhùn. Ìlú Àna ṣí, Ọdẹ́jìnmí ò jẹ́ kí wọ́n jó, ó ní, "Ìyàwó mi ń kọ́? Ṣé ó wà lọ́dọ̀ yín?"

"Olówó orí mi, èmi rèé."

Òkìtì ọ̀gán ló dáhùn. Ohùn Àwẹ̀ró ni, ohùn tó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ń rìn bọ̀ lábẹ́ aṣọ, ó na ọwọ́, ọwọ́ ẹ̀ ń mì fún ikán. Ẹ má pe Ọdẹ́jìnmí ní òmùgọ̀. Ó na ọwọ́ tiẹ̀ náà. Bó ṣe kù díẹ̀ kí ìka kan ìka, ó fi ìkúùkù lu ara Ìgbín: kò-kò-kò! Òkìtì ọ̀gán kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò ní hùn-ùn, kò bú u, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdẹ́jìnmí fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ìwọ kọ́," ó wí. "Ìyàwó mi ì bá ti bi mí léèrè iyán."

Bó ṣe ń padà bọ̀, ọkùnrin tó dà bí aládùúgbò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó ń fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ mú un?" Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn.

"Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, o máa ṣe ara ẹ léṣe. Èémí ni mo gbà. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi, ẹni tó ni ín ló máa pè é." Ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò dún.

Ọdẹ́jìnmí dé etí odò Ìyẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ń wọ igbó padà lọ, ó ti la odò yẹn kọjá pẹ̀lú ariwo, kò rí nǹkan kan, kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ilé ìyá ẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń lọ. Ọkọ̀ tó bá kẹ̀yìn sí Ìdó-Ọsàn, kò ní wọ̀ ọ́. Wàyí o, Ìgbín kọjú sílé. Ọdẹ́jìnmí rọra tì í sínú omi. Ó la ẹnu, ẹnu tí kò mọ adùn mọ́, ó ní:

"Àwẹ̀ró, odò rèé o. À ń kọjá."

Omi nìkan ló ń ṣàn.

"Àwẹ̀ró! Èmi ni. Odò rèé o, à ń kọjá!"

Ìgbín gun òkúta. Kò-kò-kò.

Hùn-ùn.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń rẹlẹ̀ bí èèyàn bá wọlé.

"Bàbá Ọdẹ," ohùn kan wí lẹ́yìn, ó jìnnà bí ohùn inú kànga, "ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni, àbí iyán lẹ̀ ń gún?"

Kò bojú wẹ̀yìn. Omijé ò jẹ́ kó rí iwájú pàápàá. "Iyán ni," ó wí. "Iyán ni mò ń gún, ìyàwó mi."

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ìkarahun nìkan ló gbé lọ lákọ̀ọ́kọ́.

Kòtò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìdó-Ọsàn. Kòtò kọ̀ọ̀kan ni Ìgbín kàn, ní gbogbo àdúgbò, títí dé ojúlé ìyá Àwẹ̀ró. Ìyá arúgbó jókòó ti òkú ọmọ ẹ̀ nínú yàrá, ó ti ti ilẹ̀kùn. Kò-kò-kò.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa méjèèjì ni, Ìyá."

Ó ṣí fún wọn. Wọ́n gbé orí Àwẹ̀ró lé itan ìyá ẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó ti sọ ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn fún àna ẹ̀: bí òjò ṣe rọ̀, bí ọkọ ìyàwó ṣe dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, tí ìyàwó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí ẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìtàn ẹlòmíì. Ó ní kí wọ́n tún un sọ.

Rààfíù, ṣé o ti mọ ìdí ẹ̀ báyìí? Ọdẹ́jìnmí fúnra ẹ̀ ló ń bọ̀ lókè yẹn, ẹni tó gbé àpò kọ́ èjìká yẹn. Pa bónẹ́ẹ̀tì dé. Bó bá wa ọkọ̀ ẹ̀ kúrò níbí, ẹ máa gbọ́ ìkàn yẹn títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Ẹni tí etí ẹ̀ bá mú á gbọ́ nǹkan míì tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ní kó tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe.

Mo ti kan tèmi, ẹ ti ṣí fún mi. Ẹ kó ẹ̀pà tó kù wá.